Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: BÍ GBOGBO ÀṢẸ ṢE Ń BỌ́ SỌ́WỌ́ ẸNÌ KAN ṢOṢO

Ohun tí a óò kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí:
1. Ohun tí ìjọba apàṣẹwàá jẹ́.
2. Ọ̀nà tí Baṣọ̀run Gáà gbà kó àṣẹ jọ ní Ọ̀yọ́ Ilé, àti bí irú rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì àti Jámánì láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Èkejì.
3. Ojúṣe olùdìbò kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Kò wọ́pọ̀ kí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dàgbà láìgbọ́ òwe yìí: "Bí o láyà, o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà, o sọ òótọ́." Ìgbẹ̀yìn Gáà ni òwe náà ń tọ́ka sí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tiwa yóò gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ìkà gbà gorí àlééfà ni ó lè dí ọ̀nà náà.

Ìjọba apàṣẹwàá ni ìjọba tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń pàṣẹ, tí kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè, tí àwọn ará ìlú kò sì ní ọ̀nà àlàáfíà kankan láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn nìkan ni a fi ń gbé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ìtàn fi hàn wá pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ó ní agbára láti sọ pé "Rárá" ni wọ́n dákẹ́.

Ọ̀yọ́ Ilé kí Gáà tó dé

Àwọn baba ńlá wa kò gbé gbogbo àṣẹ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Aláàfin ni ó ni adé, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ń bá a dámọ̀ràn. Àwọn Ògbóni ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́mèsì. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí ogun, kì í sì í gbé inú ìlú kan náà pẹ̀lú ọba.

Bí Aláàfin bá ń ni ará ìlú lára, àwọn Ọ̀yọ́mèsì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́ lọ́ba. Bí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́, ó di dandan kí ó kú. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ yìí di ohun ìṣeré: ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ní láti bá ọba náà kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọba ní láti kọ́kọ́ rò ó dáadáa.

Àwòrán kìíní: Aláàfin àti àwọn Ọ̀yọ́mèsì níbi ìpàdé. Ta ni ó lè bi ta ni léèrè?

Ohun tí Gáà ṣe

Ní nǹkan bí ọdún 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run. Kò ṣe òfin tuntun kankan, kò sì sọ pé òun pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ̀tọ́ àtijọ́ náà gan-an, èyí tí ó wà fún ààbò ará ìlú, ni ó sọ di ohun ìjà ara rẹ̀. Lábísí kò tilẹ̀ parí ètò ìwúyè tí Gáà fi lé e dójú ikú. Awọnbíojú lo ọjọ́ 130 péré lórí ìtẹ́; àwọn òpìtàn sọ pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run ni. Agbólúajé tẹ̀ lé e, Májẹ̀ógbé sì tẹ̀ lé Agbólúajé. Ọba mẹ́rin ló lọ bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún. Àwọn ọmọ Gáà fọ́n ká àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ ààfin.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan: níbo ni àwọn Ọ̀yọ́mèsì mẹ́fà yòókù wà? Wọ́n wà ní ààyè wọn. Oyè wọn kò bọ́. Ìpàdé kò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Gáà bà wọ́n, nítorí wọ́n ní ó lè di ẹkùn, ó sì lè di erin. Bí ẹ̀rù bá ti gba ọkàn ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ lè máa jókòó, kí ó má sì sí ìgbìmọ̀ mọ́.

Aláàfin Abíọ́dún ni ó fi sùúrù gba ìjọba padà. Àràárọ̀ ni ó ń lọ kí Gáà nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ó ti bá Kakaǹfò Ọyabí ti Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ìlú sì ti fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ọdún 1774 wọ́n kọlu ilé Gáà, wọ́n sì pa òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi san owó rẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó ṣẹ́ kù. Àjọṣe tí ó ti bàjẹ́ láàárín ọba, ìjòyè àti ọmọ ogun kò sì tún gún mọ́. Nígbà Awólẹ̀, tí ó jẹ lẹ́yìn Abíọ́dún, Kakaǹfò Àfọ̀njá kẹ̀yìn sí ọba. Ní àárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí fi jẹ́ Ọ̀yọ́ tí Àtìbà tẹ̀ dó, ìdí náà sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìlú wọn tú fi sá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdákẹ́ ìgbìmọ̀ kò pin sí orí ọba mẹ́rin nìkan. Ó kan ìran tí a kò tíì bí nígbà náà.

Irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ní ilé aṣòfin àti ìbò.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, gbèsè, ọ̀wọ́n oúnjẹ àti àìríṣẹ́ṣe bo Ítálì mọ́lẹ̀. Ní 1919 ni Benito Mussolini dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí ẹgbẹ́ Fáṣíìsì. Àwọn jàǹdùkú rẹ̀ tí ń wọ ẹ̀wù dúdú ń lu àwọn alátakò, wọ́n sì ń dáná sun ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nínú ìbò 1921, ìjókòó 35 péré ni ẹgbẹ́ náà ní nínú 535. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n rọ́ lọ sí Róòmù ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, ọba Ítálì kọ̀ láti fọwọ́ sí àṣẹ tí àwọn ọmọ ogun ìbá fi dá wọn dúró. Mussolini ni ó pè kí ó wá di olórí ìjọba.

Láti ìgbà náà, òfin ni Mussolini fi ń gba àṣẹ díẹ̀díẹ̀. Ní 1923 wọ́n ṣe òfin pé ẹgbẹ́ tí ó bá ṣíwájú, tí ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ni yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjókòó ilé aṣòfin. Lẹ́yìn ìbò 1924, aṣòfin kan tí ń jẹ́ Giacomo Matteotti dìde nínú ilé, ó sọ bí wọ́n ṣe fi ìpá gba ìbò náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi jí i gbé, tí wọ́n sì pa á. Ní 1926 wọ́n fòfin de àwọn ẹgbẹ́ alátakò.

Ọdún 1926 yìí kan náà ni wọ́n fòpin sí ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lé àwọn olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Mussolini mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ tí àdúgbò yàn lè bi í léèrè. Nígbà tí wọ́n tún pe àwọn ènìyàn wá dìbò ní 1929, orúkọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ìwé "Bẹ́ẹ̀ ni" ní àwọ̀ àsíá ilẹ̀ náà, ìwé "Bẹ́ẹ̀ kọ́" sì funfun. Kò ṣòro láti mọ ìwé tí olúkúlùkù mú.

Àwòrán kejì: Ìwé ìdìbò aláwọ̀ méjì. Ǹjẹ́ a lè pe èyí ní ìbò ìkọ̀kọ̀?

Irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ Násì tí Adolf Hitler ṣe olórí rẹ̀ kò ní ju ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ ní 1928. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé. Nígbà tí yóò fi di 1932, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Hitler ṣèlérí iṣẹ́ àti ògo fún wọn, ó sì ka gbogbo ìyà ìlú sí àwọn Júù lọ́rùn. Ní oṣù keje ọdún 1932, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdá 37.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Kò sí ìbò òmìnira kan tí ó ti rí ju ìdajì lọ.

Àwọn àgbà òṣèlú ni wọ́n rò pé àwọn lè lò ó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1933, Ààrẹ Hindenburg sọ ọ́ di olórí ìjọba. Ní oṣù kejì, iná jó ilé aṣòfin. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ ará ìlú láti sọ̀rọ̀ àti láti pé jọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, àwọn aṣòfin fúnra wọn dìbò 444 sí 94 pé kí ìjọba Hitler máa ṣòfin láìsí wọn. Wọn kò jẹ́ kí àwọn aṣòfin Kọ́múníìsì wọlé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ Sósíálì Dẹmókíráàtì, ni ó sọ pé "Rárá." Ní oṣù keje ọdún náà, ẹgbẹ́ Násì nìkan ni òfin gbà láàyè. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni Ogun Àgbáyé Kejì àti ìpakúpa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù.

Ó kan àwa náà

Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, a ṣìnà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni Mussolini gbógun ti Ẹtiópíà, tí ó sì da gáàsì olóró lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó lé Ítálì kúrò níbẹ̀ ní 1941. Ìbò tí ará Ítálì pàdánù ni àwọn ọmọ Áfíríkà fi ẹ̀mí wọn san owó rẹ̀.

Nílé wa pẹ̀lú, a kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò fún Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ẹni tí Aláàfin fi jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ọ̀yọ́ ní 1988. Ìjọba ológun fagi lé ìbò náà. Ní oṣù kọkànlá, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba, ó sì tú ilé aṣòfin àti ìjọba ìbílẹ̀ ká. Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú máràrùn-ún tí òfin mọ̀ fà á kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ márùn-ún wà, ṣùgbọ́n ará ìlú kò ní ẹni méjì tí wọn yóò yàn nínú wọn. Ikú Abacha ní oṣù kẹfà ọdún náà ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Àmì tí a óò máa ṣọ́

1. Bí aláṣẹ bá ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí ohun gbogbo láìbéèrè.
2. Bí a bá ń fi jàǹdùkú dẹ́rù ba olùdìbò tàbí alátakò.
3. Bí a bá ń sún ìbò síwájú láìnídìí, tàbí tí a ń fi ẹni tí a kò dìbò yàn ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Abala keje òfin ìpilẹ̀ 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ni ó yẹ kí ó wà.
4. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ẹni tí o dìbò fún.
5. Bí a bá ń ka ìyà gbogbo ìlú sí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan lọ́rùn.

Ojúṣe olùdìbò

Láti Àtìbà dé Afijió, láti Oríire dé Sùúrùlérè, ìbò alága àti káńsẹ́lọ̀ ni ó sún mọ́ wa jù lọ. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín, ẹ dìbò ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má sì tà á. Ẹni tí ó ra ìbò lọ́wọ́ yín kò jẹ yín ní gbèsè ìdáhùn kankan mọ́. Lẹ́yìn ìbò, ẹ máa bi ẹni tí ẹ yàn léèrè. Ẹ má sì torí pé ẹ fẹ́ràn ẹnì kan kí ẹ gbà á láyè láti pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́, nítorí pé àwọn ará ìlú tí ó fẹ́ràn Mussolini pàápàá kò ní ọ̀nà láti fi ìbò wọn yọ ọ́ mọ́.

Nígbà Abíọ́dún, ogun ni a fi mú Gáà kúrò. Lónìí, ìwé pélébé kan ni a fi ń mú ẹni tí kò ṣe dáadáa kúrò, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ta sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a di ọ̀nà yìí mú ṣinṣin.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí àwọn Ọ̀yọ́mèsì yòókù kò fi dá Gáà dúró? Ǹjẹ́ ìwọ ìbá ti sọ̀rọ̀?
2. Kí ni Gáà àti Hitler fi jọra ní ti lílo òfin?
3. Kí ni ìdí tí Mussolini fi fòpin sí ìbò ìjọba ìbílẹ̀?
4. Dárúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ. Ìbéèrè wo ni o ti bi í láti ìgbà tí ó ti wọlé?