ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ NÁÀ "HELP"

Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń tan olùtumọ̀ jẹ, nítorí pé olúkúlùkù rò pé òun mọ̀ ọ́n, ni "help". Kíá ni a máa ń fi "ràn lọ́wọ́" rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa, kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. A kàn fi ọwọ́ tiwa kún tirẹ̀ ni. Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í sọ pé, "Ẹ ràn mí lọ́wọ́." "Ẹ gbà mí o!" ni igbe tirẹ̀. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí ó fẹ́ kí a bá òun gbé e kalẹ̀, a ní, "Ẹ sọ̀ mí." Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ní kí àlejò "help" ara rẹ̀ sí oúnjẹ, kí ó bù ú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jùlọ ni Máàkù 9:24. Bàbá ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dá lóró jẹ́wọ́ pé òun gbàgbọ́, ó sì bẹ Jésù nítorí àìgbàgbọ́ òun. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, àìgbàgbọ́ náà gan-an ni ó dàbí ẹni tí a ń "help". Bí a bá tẹ̀lé e ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, tí a ní kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ lọ́wọ́, etí Yorùbá lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a fẹ́ kí àìgbàgbọ́ náà lágbára sí i! Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀, boētheō, ni obìnrin ará Kénáánì náà lò nínú Mátíù 15:25. Igbe àti eré sísá ni a fi hun ún: kí a sáré lọ síbi tí a ti ń ké. Nítorí náà "gbà mí lọ́wọ́ àìgbàgbọ́ mi" ni àwa fara mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ tún wà níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tá ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé "gbà" ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ igbe Pétérù nínú Mátíù 14:30, níbi tí Gíríìkì ti lo ọ̀rọ̀ mìíràn. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ ó sàn kí ọ̀rọ̀ méjì pàdé nínú ẹyọ kan ju kí àdúrà bàbá náà yí padà di òdì-kejì rẹ̀.

Nínú Lúùkù 10:40, níbi tí Màtá ti ń ṣàròyé, àti Róòmù 8:26, níbi tí a ti sọ iṣẹ́ Ẹ̀mí, "ràn lọ́wọ́" bá a mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni ó wà ní ibi méjèèjì, kò sì sí ní ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Titun: kí ènìyàn bá ẹlòmíràn di ohun kan mú.

Ó ku Jẹ́nẹ́sísì 2:18, èyí tí a fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa fi etí sí. Lónìí, "olùrànlọ́wọ́" ti di orúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ọ̀gá, ìwàásù ìgbéyàwó sì máa ń sọ ìyàwó di ọmọ-ọ̀dọ̀ láti inú ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n ezer ni Hébérù pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí a lò fún Ọlọ́run nínú Deutarónómì 33:26 àti nínú Orin Dáfídì 121. Ta ni yóò sọ pé Ọlọ́run jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ Ísírẹ́lì? Àwa kò rí ìdí láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì. Ìwàásù ni ó yẹ kí a tún ṣe.