Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Kan: Bí A Ṣe Lè Sè É Sílẹ̀ Láìsí Ewu

Sísè oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé ń dín wàhálà àti ìnáwó kù, ṣùgbọ́n bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè di àìsàn síni lára.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè fi ọbẹ̀ ata àti ẹ̀wà ṣe é. Kí ó bù wọ́n sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí ó ní ìdérí, ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè tètè tutù. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ kí wọ́n tó wọ inú fìríìjì. Èyí tí a óò jẹ láàárín ọjọ́ 3 ni kí ó wà níbẹ̀. Kí ìyókù dì sínú fírísà.

Bí iná bá lọ, kí a má ṣí fìríìjì. Bí iná kò bá dé lẹ́yìn wákàtí 4, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Ìrẹsì ń fẹ́ ìṣọ́ra jù. Kòkòrò àìfojúrí kan, Bacillus cereus, lè tu oró sínú ìrẹsì tí ó sùn sínú ìkòkò lórí ààrò, gbígbé e kaná kò sì lè mú oró náà kúrò. Oúnjẹ tí a tètè mú tutù nìkan ni gbígbé kaná wúlò fún.