Kí Ẹ Tó De Aláìsàn Mọ́ Bẹ́ẹ̀dì ní ICU

Ní ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, rọ́bà ẹ̀rọ amúnimí máa ń gba àárín tán-án-ná kọjá, nítorí náà ẹni tí wọ́n fi sí lọ́fun kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló kù tó lè fi pe èèyàn, ọwọ́ náà la sì ń dè. Nígbà mìíràn kò sí ọ̀nà mìíràn, n kò jiyàn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, okùn máa ń ṣáájú ìbéèrè.

Ṣe: Ẹ wá ohun tó ń dà á láàmú kí ẹ tó wá okùn. Ṣé ìrora ni? Ṣé afẹ́fẹ́ kò tó o? Ṣé rọ́bà ìtọ̀ ti dí? Ṣúgà ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi ẹbí bóyá ó máa ń mutí, torí ẹni tó ń mu lójoojúmọ́ tí ọtí ṣàdédé dá lẹ́nu rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó sì máa jà fitafita. Ẹ dè é, ẹ ò dè é, àìsàn yẹn ò dúró.

Má ṣe: Ẹ má gbọ́kàn lé okùn pé òun ló máa pa rọ́bà mọ́. Nínú ìlànà tí Society of Critical Care Medicine ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018, àwọn ìwádìí tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé àwọn tí wọ́n dè ló tún ń fa rọ́bà yọ jù, tí wọ́n sì ń pẹ́ jù ní ICU. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń jà ni wọ́n kúkú ń dè, a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru okùn. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń so tán kó lọ jókòó.

Ṣe: Ẹ jẹ́ kí ẹbí wọlé. Orí bẹ́ǹṣì ìta la sábà ń fi wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ìrànrán ICU lè rọlẹ̀ nígbà tí ohùn tí aláìsàn mọ̀ bá wà nítòsí. Ẹ sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún un. Ẹ fi awò ojú bàbá sí i lójú. Ẹ ki ìyá ní oríkì rẹ̀. Bó bá jẹ́ London tàbí Houston ló wà, ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé Yorùbá ló ń gbọ́ jù.

Má ṣe: Ẹ má so okùn mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnìkan bá sọ irin náà kalẹ̀, apá aláìsàn á bá a lọ. Ara férémù ni kí ẹ so ó mọ́, pẹ̀lú kókó tó ṣeé fà tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn náà. Bándéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé ara. Ẹ fọwọ́ kan ìka rẹ̀ bóyá ó tutù tàbí ó wú, ẹ wo èékánná àti àtẹ́lẹwọ́, torí àwọ̀ dúdú kì í tètè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹ máa tú u látìgbàdégbà, kó na apá.

Ṣe: Ẹ gbìyànjú ìbọ̀wọ́ tó nípọn, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì Bìrìtìkó fẹ́ràn ju okùn ọwọ́ lọ. Ìdè lòun náà o. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má gba àṣẹ “bó bá ń jà, ẹ dè é.” Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà á láwọn ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare, ètò ìlera ìjọba wọn. Fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe, wákàtí 4 ni àṣẹ kan kì í kọjá.

Má ṣe: Ẹ má fi okùn dí àyè nọ́ọ̀sì. Nílẹ̀ Bìrìtìkó, nọ́ọ̀sì kan fún aláìsàn kan ni ìlànà fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń sáré tọ́jú mẹ́ta lóru, ọ̀gá ilé ìwòsàn ló yẹ kó wá dáhùn.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi dè é àti ìgbà tí wọ́n máa tú u. Lárààárọ̀, ẹ tún bi dókítà bóyá ó ṣì nílò rọ́bà náà. Èyí tí wọ́n bá ti yọ, kò sẹ́ni tó máa fà á.