Nígbà tí Ọlọ́dẹ Bá Kọlu Onílé

Ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọlọ́dẹ a máa ṣọ́ àdúgbò. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Ara ènìyàn pẹ̀lú ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Lára wọn ni sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó fi ń dá ọ̀tá mọ̀. Èyí tí ó mọ kòkòrò ibà lè má mọ ti ikọ́ ife. Oríṣi ohun ìdámọ̀ yìí tí ó wà nínú ara ẹnì kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù kan lọ, nítorí pé ara a máa gé àbùdá sí wẹ́wẹ́, a sì tún un tò lọ́nà ọ̀tun. Susumu Tonegawa, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó kọ́kọ́ fi irú ètò yìí hàn ní 1976, nínú sẹ́ẹ̀lì B tí í ṣe ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì T. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọlọ́dẹ a ṣi onílé pè ní olè. Bí ó bá kọlu oríkèé ara, a di oríṣi làkúrègbé kan tí í máa sọ ìka ọwọ́ di wíwọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ní 1968, Brian Greenwood, tí ó ṣe dókítà ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ó rò pé ibà àti àwọn kòkòrò mìíràn ni ó ń yí ìṣe ọlọ́dẹ ara padà. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí. Àwọn dókítà ń rí i lónìí.

Láti mọ ẹlẹ́ṣẹ̀, onímọ̀ a gé ẹran díẹ̀ níbi tí àrùn gbé wà, a sì ka àbùdá ohun ìdámọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Oríṣi tí ó bá pọ̀ níbẹ̀ ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ ni a ó fura sí. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọlọ́dẹ rere pẹ̀lú a máa sáré lọ síbi tí ariwo bá wà.

Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì, nítorí púpọ̀ nínú oògùn àrùn náà a máa so ọwọ́ aláìṣẹ̀ àti ẹlẹ́ṣẹ̀ pọ̀. Ikọ́ ife a sì ráyè wọlé. Láti 2015 ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti wà ní Oǹdó. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ọmọ tí ó bá múra sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.