"After the rain" àti "after the rain stopped": báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀?

Bí ẹ bá ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC rí, ẹ ó mọ ìbéèrè yìí: wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ látinú àyọkà, wọ́n á ní kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀ nínú gírámà àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan la máa ń wò. A rí "after", a sáré kọ "adverbial clause", máàkì ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo méjì yìí:

1. We left after the rain.
2. We left after the rain stopped.

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: àwọn méjèèjì ń sọ ìgbà tí a kúrò. Àmọ́ orúkọ wọn yàtọ̀. "After the rain" jẹ́ àpólà atọ́kùn, ìyẹn prepositional phrase. "After the rain stopped" jẹ́ awẹ́ gbólóhùn, ìyẹn clause, torí ó ní olùwà ("the rain") àti ọ̀rọ̀-ìṣe ("stopped").

Ọgbọ́n tó rọrùn rèé: ẹ fi ìka bo "after", kí ẹ ka ìyókù. Ṣé ó lè dá dúró bíi gbólóhùn? "The rain" kò lè dá dúró. Èèyàn á ṣì bi yín pé kí ni òjò náà ṣe. "The rain stopped" dúró dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni before, since àti until: "until Monday" jẹ́ àpólà, "until she comes" jẹ́ awẹ́ gbólóhùn.

Ibi tó ti ń tan èèyàn nìyí: "with my friend who lives in Ibadan". Lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe "lives" wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bo "with" ná. Kí ni ọ̀rẹ́ náà ṣe? A ò tíì gbọ́. "Who lives in Ibadan" kàn ń ṣàlàyé "friend" ni. Awẹ́ gbólóhùn ni òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpólà ló wà. Tí wọ́n bá fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ látorí "with", prepositional phrase ni ìdáhùn.

Ó yá, ẹ dán mẹ́ta yìí wò:

a. before the match ended
b. since 2019
d. after the goal that our team scored

"a" nìkan ni awẹ́ gbólóhùn. Tí "d" bá tàn yín, ẹ tún fi ìka bo "after" lẹ́ẹ̀kan sí i.