Ẹ̀ṣọ́ Ni Tàbí Amí? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ètò Ọ̀ranyàn Inú Eré Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Riot Games ní Amẹ́ríkà gbé eré Valorant jáde fún ìdánwò ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á sórí kọ̀ǹpútà wọn ṣàkíyèsí ohun kan tí kò bá wọn lára mu. Ètò kejì kan bá eré náà wọlé, orúkọ rẹ̀ sì ni Vanguard. Kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣeré nìkan ni ètò yìí ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn ni apá kan nínú rẹ̀ ti ń jí, kò sì ní sùn títí onílé yóò fi pa ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè dá a dúró tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣe eré náà mọ́ àfi bí ó bá dá a padà, tí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó sì tún un tàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ kan náà sọ ètò yìí di dandan fún League of Legends, eré tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe láti ọdún 2009 láìsí i.

Olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé àríyànjiyàn tí èyí dá sílẹ̀ ní èdè Yorùbá yóò rí i pé kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti gbèjà apá kan kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kọ̀ǹpútà kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ oko yìí ní láti fi àdá ara rẹ̀ la ọ̀nà.

Eré àti ẹni tí ń ṣe é

Lórí orúkọ eré fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní géèmù, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu wọn. Nínú ìwé, “eré kọ̀ǹpútà” tó. “Òṣèré” ti di ti orí ìtàgé àti ti sinimá, nítorí náà “eléré” ni ó sàn fún ẹni tí ń ṣe é.

Àwọn kan fẹ́ kí a máa pè é ní ayò. Èyí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìfiwéra náà wúlò fún olùkọ́. Gbangba ni wọ́n ti ń ta ayò. Ọpọ́n wà láàárín, ọmọ ayò ṣeé kà, òǹwòran sì yí ọ̀ta àti òpè ká. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe èrú, ojú gbogbo ayé ni yóò ti ṣe é. Kò sí ẹni tí ó nílò láti wọ yàrá ọ̀ta lọ wo ohun tí ó kó pamọ́ kí ó tó mọ̀ pé ó ta ayò dáadáa. Nínú eré kọ̀ǹpútà, ọpọ́n náà pín sí ilé àwọn eléré. Ẹnì kan wà ní Berlin, èkejì wà ní Ìbàdàn, inú ẹ̀rọ oníkálukú ni èrú sì ti ń ṣẹlẹ̀: ètò kan lè máa bá ènìyàn fojú sun ìbọn, òmíràn lè jẹ́ kí ó rí ọ̀tá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Àwọn eléré fúnra wọn ni ó ń kígbe pé kí ilé-iṣẹ́ lé àwọn aṣèrú jáde. Ẹni tí kò bá sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe òtítọ́ sí i, nítorí pé láti inú ẹ̀bẹ̀ yìí ni gbogbo wàhálà tí ó kù ti jáde.

Ìyẹ̀wù kọ̀ǹpútà

Ohun tí ó ba àwọn eléré lẹ́rù nínú Vanguard ni ibi tí ó ń gbé. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Intel ti gbé 80286 jáde ní 1982 ni irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti ní ipò àṣẹ mẹ́rin, tí kíkà wọn bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé ẹẹ́ta. Windows ń lo méjì péré nínú wọn. Ipò kẹta ni ti àwọn ètò tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Ipò òdo ni ti àárín gbùngbùn ètò ìdarí ẹ̀rọ. Ètò tí ó wà ní ipò kẹta ní láti tọrọ àyè kí ó tó dé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí ó wà ní ipò òdo kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún àárín gbùngbùn yìí ni orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí ó wà nínú èso tí ó ní èèpo. Ògbufọ̀ tí ó bá lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè yóò bá “ekùrọ́” níbẹ̀, bóyá “kóró”. Kò sí ohun tí ekùrọ́ fi ye ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ohun kékeré tí ó le ni ó ń mú wá sí ọkàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Agbo ilé Yorùbá ti ní àwòrán tí ó bá a mu tẹ́lẹ̀. Gbàgede ni àlejò ń jókòó sí. Ẹni mímọ̀ a máa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹ̀wù ni ti onílé. Bí “ìyẹ̀wù” bá dúró fún ipò òdo, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò béèrè fúnra rẹ̀ ìbéèrè tí ó yẹ: ta ni ó gba ẹ̀ṣọ́ láyè dé ìyẹ̀wù?

Apá Vanguard tí ń gbé níbẹ̀ jẹ́ irú ètò tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ awakọ̀ pè. “Awakọ̀” ti wọ ìwé ìtọ́ni kan tàbí méjì, ó sì máa ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni láti dúró láàárín ètò ìdarí àti ohun èlò bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó gbọ́ èdè apá méjèèjì. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún eégún ni atọ́kùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ti yá ọ̀rọ̀ náà lò fún atọ́kùn ètò; “atọ́kùn ẹ̀rọ” yóò sì ya tiwa sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí olùkọ́ fò dá: atọ́kùn ti Vanguard kò tọ́ ohun èlò kankan. Ó gba ẹ̀wù atọ́kùn wọ̀ kí ó lè wọlé ni.

Ìdí tí ó fi wọlé kò ṣòro í lóye. Àwọn tí ń ta ètò èrú ni ó kọ́kọ́ kó ọjà wọn lọ sí ìyẹ̀wù, níbi tí ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ní gbàgede kò ti lè rí wọn. Ẹ̀ṣọ́ bá tẹ̀ lé wọn. Riot Games sọ pé atọ́kùn náà kì í kó ìmọ̀ nípa eléré ránṣẹ́, ó sì ṣèlérí owó tí ó tó 100,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá rí àléébù ńlá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ààbò Trend Micro ròyìn pé àwọn ọ̀daràn tí ń ti fáìlì ènìyàn mọ́lé kí wọ́n lè gba owó ìtúsílẹ̀ ti mú atọ́kùn tí ó ń dènà èrú nínú eré Genshin Impact, wọ́n sì fi pa ètò ààbò ẹ̀rọ tí wọ́n kọlù. Kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n kọlù ní eré náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ọ̀daràn ni ó gbé atọ́kùn náà wá fúnra wọn, nítorí pé òǹtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ òǹtẹ̀ gidi, Windows sì ṣí ìyẹ̀wù fún un. Àṣìṣe lásán pẹ̀lú tó láti ba nǹkan jẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, fáìlì kan tí kò pé tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀ tí ń gbé ní ìyẹ̀wù dá nǹkan bí 8.5 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà Windows dùbúlẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù kan náà ni.

Ẹ̀ṣọ́, amí, wọ́dà

Àríyànjiyàn lórí orúkọ ti pẹ́ ju Vanguard lọ. Ní 2005, Greg Hoglund, tí ó mọ iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà dunjú, tú ètò Warden tí ilé-iṣẹ́ Blizzard fi sínú World of Warcraft palẹ̀. Ó rí i pé ètò náà ń ka àkọlé gbogbo fèrèsé tí ó ṣí lórí ẹ̀rọ eléré, títí kan èyí tí kò kan eré rárá. Ó sọ àkọlé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, ó sì ń fi nọ́ńbà náà wé ti àwọn ètò èrú tí a ti mọ̀. “Ìtẹ̀ka” ni ó bá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mu jù: kò sí ẹni tí ó lè ti ara ìtẹ̀ka ya ojú ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ yóò dá olówó rẹ̀ mọ̀. Hoglund ṣe ètò tirẹ̀, tí ó pè ní Governor, kí àwọn eléré lè máa ṣọ́ ohun tí ń ṣọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation pe Warden ní amí. Blizzard ní èrú nìkan ni òun ń wá.

Bí ògbufọ̀ bá kọ “ètò amí”, ó ti dá ẹjọ́. Bí ó bá kọ “ètò ẹ̀ṣọ́”, ó ti dá ẹjọ́ bákan náà, nítorí pé ẹni tí ó ní ilé ni ó máa ń gba ẹ̀ṣọ́, ti ilé-iṣẹ́ ni èyí sì ń ṣe nínú ilé ẹlòmíràn. Orúkọ tí Blizzard fúnra rẹ̀ yàn tilẹ̀ burú ju méjèèjì lọ létí Yorùbá: wọ́dà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n. Fún ìwé tí kò fẹ́ gbè sí apá kan, “ètò adènà-èrú” ni ó yẹ, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí ètò náà wà fún láìsọ bí ó ṣe ń ṣe é. Kí amí àti ẹ̀ṣọ́ dúró sí ẹnu àwọn tí ń jiyàn.

Àṣírí tàbí ìkọ̀kọ̀

Ohun tí eléré ń bẹ̀rù pé yóò bọ́ lọ́wọ́ òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní “àṣírí”. Ìtumọ̀ yìí ti ṣe ìpalára. Àdúrà Yorùbá ni pé kí Ọlọ́run bo àṣírí ẹni. Bí àṣírí bá sì tú, ìtìjú ni. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n má ṣe wo àṣírí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò sì tètè bi í pé kí ni ó ń fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ìwẹ̀ ń tì lójú, síbẹ̀ àgbàlagbà kì í wẹ̀ lójú ọjà. “Ìyẹ̀wù” ìbá dára fún èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹrù kan sórí, kò yẹ kí a tún di èkejì lé e. “Ìkọ̀kọ̀” ni ó kù, tí ó jẹ́ òdìkejì gbangba, tí kò sì ní ẹ̀gàn nínú: ní ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ wí. “Ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀” yóò bá abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 mu, èyí tí ó dáàbò bo ilé ará ìlú, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀, yóò sì tún wúlò fún ẹni tí ó bá ń túmọ̀ òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023.

“Mo gbà”

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn gígùn kan máa ń yọ, bọ́tìnnì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn. “Mo gbà” ni ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà méjì ni Yorùbá mọ̀. Ìyọ̀ǹda wà, tí ó ti ọkàn wá. Gba kámú sì wà, tí ó jẹ́ ti ẹni tí kò rí ọ̀nà mìíràn. Àdéhùn tí kò ní bọ́tìnnì kejì àfi èyí tí yóò ti ilẹ̀kùn eré mọ́ ẹni tí ó ti sanwó, gba kámú ni ó ń béèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Helldivers 2 jáde, Sony kéde pé kí gbogbo àwọn tí ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PlayStation Network. Nàìjíríà wà lára ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ìforúkọsílẹ̀ náà kò sí fún. Ariwo ta, Sony sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀ranyàn ni ariwo ń ká báyìí.

Nínú àdéhùn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ní 2011, àdéhùn ètò Origin, tí Electronic Arts sọ di dandan fún Battlefield 3 lórí kọ̀ǹpútà, fún ilé-iṣẹ́ náà láyè lórí ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ ènìyàn àti àwọn ètò mìíràn tí ó wà lórí rẹ̀. Inú bí àwọn eléré, pàápàá ní Jámánì. Ilé-iṣẹ́ ní òun kì í wo ìwé àti àwòrán ẹnikẹ́ni, ó sì tún àdéhùn náà kọ. Bí ògbufọ̀ bá kọ pé ilé-iṣẹ́ “lè kó” ìmọ̀ wọ̀nyí, gbólóhùn rẹ̀ ní ìtumọ̀ mẹ́ta: pé agbára rẹ̀ ká a, pé ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀, tàbí pé òǹkàwé ti fún un láṣẹ. Ìkẹta ni ti àdéhùn. “Ní àṣẹ láti kó” ni kí ó kọ.

Kí ó ṣọ́ra fún “ẹ” àti “yín” pẹ̀lú. Lóòótọ́, àrífín ni láti máa pe àgbàlagbà ní “o” nínú ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n “ẹ” lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Níbi tí bàbá, ọmọ àti àbúrò ti jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, ọmọ ni yóò tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà bàbá ni atọ́kùn yóò sì bá nínú ilé. “Ẹ̀yin tí ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí” àti “ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ yìí” kì í ṣe ènìyàn kan náà.

Ó ku “yọ”, “pa” àti “dá dúró”, tí àwọn ìwé ìtọ́ni ń lò bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Nígbà tí Genshin Impact jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn eléré rí i pé bí wọ́n bá pa eré náà, atọ́kùn rẹ̀ ṣì ń bá iṣẹ́ lọ; ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é yí èyí padà lẹ́yìn ẹ̀hónú wọn. Pípa eré kọ́ ni dídá atọ́kùn dúró, bẹ́ẹ̀ ni dídá a dúró kọ́ ni yíyọ rẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n bá kọ “Yọ kúrò” sí ní láti sọ bóyá atọ́kùn náà yóò bá eré lọ tàbí yóò kù sẹ́yìn. Bí yóò bá kù sẹ́yìn, “yọ” kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.