Ìka Kò Dọ́gba: Ìwà Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹ̀rọ Tí Ń Kọ́ni Ní Àròkọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a dàgbà ní Kabawa, ní Lọ́kọ́jà tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, Hausa àti Nupe ni a fi ń ṣeré ládùúgbò; inú ilé ni Yorùbá wà. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n bí èdè àkọ́kúntẹni ni kíkọ Yorùbá sílẹ̀ rí fún púpọ̀ nínú wa.

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ẹ̀rọ tí ń fèsì ọ̀rọ̀ di olùkọ́ àròkọ. Ǹjẹ́ bákan náà ni ó ń ṣe gbogbo wa láǹfààní? Rárá o. Ìka kò dọ́gba.

(1) Onítìjú: Ẹ̀rọ kì í fi í ṣẹ̀sín, bí ó tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ti MIT ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tí ń bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Ẹnu yà á bí àwọn ènìyàn ṣe ń tú inú wọn fún un. Ewu ibẹ̀ ni kí onítìjú sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ó má fi iṣẹ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

(2) Ọlọ́yàyà: Èyí kì í bẹ̀rù àṣìṣe, bí ó ti ń sọ ni ó ń kọ. Ẹ̀rọ a yìn ín, a sì bá a tún gbogbo rẹ̀ kọ. Kí ó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ó mú ti ilé wá ti pòórá.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan náà lè jẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ń fi Hausa pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín lè di odi bí ó bá di Yorùbá níwájú ọmọ Ọ̀yọ́.

Inú ìwé tí ènìyàn ti kọ ni ẹ̀rọ ti kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Yorùbá inú wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn. Nítorí náà, ó lè fi ìgboyà kọ “ọkọ́” níbi tí “ọkọ̀” yẹ kí ó wà.

Ìmọ̀ràn wa: kí olúkúlùkù kọ́kọ́ kọ àròkọ fúnra rẹ̀. Kí onítìjú bi ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ó mú iṣẹ́ náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ọlọ́yàyà ní kí ẹ̀rọ tọ́ka sí àṣìṣe nìkan, kí ó má tún un kọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ó bá bi ẹni tí ó mọ ọ̀nà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Fi àmì sí gbólóhùn yìí, kí o fún ẹ̀rọ náà, kí o sì fi méjèèjì han àgbà kan nílé: “Oko Bola ra oko, o fi oko gbe e lo si oko.” Ta ni ó gbà á?